Ìyá Télọ̀ àti Aṣọ Orí Ẹ̀rọ Géèmù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Télọ̀ fún yín, obìnrin tó fi ìfẹ́ pa ẹ̀rọ géèmù mẹ́ta. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìfẹ́ ni mo wí, mi ò wí ìkà.

Aṣọ rírán ló fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ṣe. Ẹsẹ̀ lórí máṣíìnì, téèpù lọ́rùn, ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Tí o bá gbé aṣọ tí ẹlòmíì rán dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kò ní wò ó, ọwọ́ ló máa fi tọ́ ọ, á wá ní, "Ta ló ń bínú tó rán èyí?" Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó kọ́kọ́ ń tan ara ẹ̀ jẹ pé gílóòbù ṣọ́ọ̀bù ni ò mọ́lẹ̀ tó, àfìgbà tó rán apá ẹ̀wù ìyàwó kan sódì, tí ìgbéyàwó sì ku ọ̀la. Dókítà ní oògùn lè dá èyí tó kù dúró, àmọ́ èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn. Ìyá Télọ̀ fa máṣíìnì lé ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ọmọbìnrin ẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sì wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀, nílé ọkọ.

Ilé àna! Ọmọ ẹni ló wà ńbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá mojú mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn ń na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Ìyá Télọ̀ máa ń jí ṣáájú gbogbo ilé, á tẹ́ ibùsùn ẹ̀ bí ẹni pé èèyàn kankan ò sùn síbẹ̀ rí. Bí ikọ́ bá fẹ́ wú u, á fi ìrọ̀rí dí ẹnu. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ju kí ojú fọ́ pátápátá lọ ni kí wọ́n sọ ọ́ pé ìyá yìí ti di ẹrù sáwọn lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ o. Òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́ sí ara ẹ̀ létí.

Ọkọ ọmọ ẹ̀ ńkọ́? Kóòṣì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkọ̀ ẹrù ọ̀nà jíjìn ló ń wà tẹ́lẹ̀, ó máa ń pẹ́ lọ́nà débi pé lọ́jọ́ kan tó dé, ọmọ ẹ̀ obìnrin kékeré dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin nítorí ìjayà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Bàbá wa ò sí nílé." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ légungun. Ó dá ọkọ̀ padà fún ọlọ́kọ̀, ó sì sọ yàrá iwájú ilé di ilé géèmù. Ẹ̀rọ géèmù mẹ́rin tó rí pẹlẹbẹ, kálukú lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n tiẹ̀, àti kọ̀ǹpútà géèmù gìrìwò kan tó dúró sí kọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á wá gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ, wọ́n á sá eré mọ́tò, wọ́n á máa pariwo, Kóòṣì náà á bá wọn pariwo. Owó tó ń tibẹ̀ wá ni wọ́n fi ń jẹun. Ibẹ̀ náà ló ń jẹ́ kí bàbá jí rí ọmọ ẹ̀, kí ó tó sùn, kí ó tún rí i.

Lọ́jọ́ kan Ìyá Télọ̀ gbá yàrá yẹn, ló bá fọwọ́ kan orí ẹ̀rọ kan. Eruku!

"Háà! Ohun tí ẹ fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí eruku máa jẹ ẹ́ báyìí?"

Ó yọ òwú àti abẹ́rẹ́ kíróṣè jáde. Kíróṣè ò béèrè ojú, ìka ló béèrè. Ó hun aṣọ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣe òdòdó sí etí wọn, ó sì fi wọ̀ wọ́n, ó bá wọn mu wẹ́kú. Inú ẹ̀ dùn dé gongo. Kọ̀ǹpútà nìkan ló kọ aṣọ. Bó ṣe dà á bò ó báyìí, fáànù rẹ̀ fa òwú mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, àfi bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe sáré ṣí i kúrò. Ìyá Télọ̀ kọjú sí i, ó ní, "Aláìmoore ni ẹ́." Ó fi í sílẹ̀ síhòòhò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Kóòṣì ká aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí àga kó tó tan ẹ̀rọ. Ìyá Télọ̀ wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ bá wọn níbẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán dé, ó ní ebi ò pa òun. Nígbà tí ti alẹ́ dé, ó ní òun ti yó. Kí ni ìyá ẹni jẹ tó yó? Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, Kóòṣì fọwọ́ ara ẹ̀ dá aṣọ padà sórí ẹ̀rọ, ó sì ṣòfin fún àwọn oníbàárà pé ẹni tó bá ká aṣọ Màmá kúrò, kó má padà wá mọ́.

Ẹ gbọ́ irú òfin! Àmọ́ kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ta ló máa dúró níwájú ìyá ìyàwó ẹ̀ kó ní, "Màmá, ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín kúrò lójú mi"? Ẹyin lohùn, tó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kú láàárín eré bọ́ọ̀lù. Ó kàn ṣú ni, kò sì tàn mọ́. Kò pẹ́, ìkejì tẹ̀ lé e. Ni àríyànjiyàn bá gba ilé géèmù. Àwọn kan ní, "Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ò lágbára! Kọ̀ǹpútà ni baba!" Àwọn tó kù ní, "Kọ̀ǹpútà wo? Èyí tó ń ṣàìsàn lójoojúmọ́ yìí?" Òótọ́ sì ni. Kọ̀ǹpútà yẹn, tí kò bá há lónìí, ojú ẹ̀ á di búlúù lọ́la, tó bá di ọ̀túnla á ní òun fẹ́ gba nǹkan tuntun kí òun tó ṣiṣẹ́. Àmọ́ bó bá ti ké, Wáyà á dé. Wáyà ni ọ̀rẹ́ Kóòṣì tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Á ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, á yọ ohun tó bàjẹ́, á fi òmíràn sí i, ó parí. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ní tiẹ̀, inú ẹ̀ dì pa, wọ́n ti jó gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Kì í wúkọ́, kì í ráhùn, á ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ tó máa dákẹ́. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ẹ̀ ń gbé, èyí ò sì mọ̀ ọ́n ṣí.

Ìyá Télọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí Wáyà yẹ ìkejì wò. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀ ketekete.

"Kóòṣì, ooru ló pa á. Ẹ̀rọ yìí ò burú rárá, á pẹ́ ju kọ̀ǹpútà ẹ lọ tó bá rí atẹ́gùn. Ṣé kì í ṣe aṣọ tí Mà... yéè! Ẹsẹ̀ mi!"

"Eruku!" ni Kóòṣì fi ariwo sọ. "Eruku ni! Eruku ló pa á, Wáyà!"

Ẹ̀yin ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ Wáyà. Ìyá Télọ̀ ò mọ̀. Eruku ló gbọ́, eruku ló mú lọ. Ó ní àṣé aṣọ òun ò nípọn tó. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ṣe ló ń le sí i: ó jókòó, ó tún òmíràn hun fún àwọn tó kù, onílọ̀ọ́po méjì. Ìkẹta ò bá a débì kan.

Ó wá ku ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kan náà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan péré lè lò lẹ́ẹ̀kan, kò lè bọ́ ilé. Bí wọ́n ṣe ń jẹun, Kóòṣì sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé òun ti bá ọlọ́kọ̀ òun àtijọ́ sọ̀rọ̀. Bí èyí tó kù bá kú, òun á padà sójú títì. Nọ́ọ̀sì gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá Télọ̀ ti àwo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe náà ló ní òun máa ṣe dáadáa jù lọ: ó fa kúbùsù onírun tó gbé wá láti ilé ara ẹ̀ ya, ó fi tẹ́ inú aṣọ tuntun kan, kí eruku má ráyè rárá.

Ó gbé e wọ ilé géèmù lọ́sàn-án. Kóòṣì ti lọ rí ọlọ́kọ̀. Ọ̀dọ́ méjì péré ló wà níbẹ̀, wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀. Láti ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ti kọ aṣọ, Ìyá Télọ̀ kì í dúró síbẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣeré, ariwo yẹn pọ̀ jù fún un, alẹ́ tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ ló máa ń wá tún etí iwájú aṣọ wọn ṣe. Lọ́jọ́ yìí ó rọra kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n máa ṣeré wọn lọ, ó wá ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ kó lè fi èyí tuntun pààrọ̀ ẹ̀.

Ó fa ọwọ́ yọ wìì.

Ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, bí ìyá ṣe ń fi kan ọrùn ọmọ. Gbígbóná janjan. Ẹ̀rọ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ aṣọ olódòdó. Ọmọ mélòó ni Ìyá Télọ̀ ò tíì tọ́jú nínú ibà? Ìyá kan ò ní í da kúbùsù bo ọmọ tí ara ẹ̀ ń jó. Ó wo kúbùsù onírun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kejì.

"Yéè," ló wí. "Èmi ni. Èmi ni mò ń pa wọ́n."

Ó ṣí aṣọ kúrò kíá. Bó ṣe ń ká a ni ìka ẹ̀ bá ihò lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde. Kò já, kò sì fà ya, sísọ́ọ̀sì ni. Ẹnì kan gé e, ẹni yẹn sì ti fi abẹ́rẹ́ rán etí ihò yẹn yípo kí òwú má bàa tú. Irú rírán wo nìyí! Ojú abẹ́rẹ́ kan gùn, ìkejì kúrú, kókó níhìn-ín, kókó lọ́hùn-ún. Ní gbogbo ayé ẹ̀, kò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ tó burú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ọ̀dọ́ kan bá òun kó àwọn aṣọ ẹ̀rọ tó ti kú wá láti inú dúrọ́ọ̀. Ihò wà lẹ́yìn ìkínní, ó wà lẹ́yìn ìkejì. Onílọ̀ọ́po méjì ti ìkẹta náà ní tiẹ̀, ó nípọn débi pé ẹni tó rán an ti fi abẹ́rẹ́ gún ara ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sára òwú, ó le kókó lábẹ́ ìka.

Ibẹ̀ ló jókòó sí, lórí ilẹ̀, títí Kóòṣì fi wọlé.

"Màmá! Kí ló dé tí ẹ jókòó sílẹ̀?"

"Ta ló rán èyí?"

Kóòṣì wo aṣọ, ó wo ẹ̀rọ tó wà níhòòhò. Àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn gbé páàdì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n rọra bá ilẹ̀kùn jáde.

"Mo ní ta ló rán rándanràndan yìí?"

"Èmi ni, mà."

"O mọ̀ pé aṣọ mi ló ń pa wọ́n."

"Mo mọ̀, mà."

"O wá dákẹ́? O máa fi aya sílẹ̀, o máa fi ọmọ sílẹ̀, o máa lọ máa sùn sínú ọkọ̀ ẹrù, dípò kí o ya ẹnu kí o ní, 'Màmá, ẹ ṣí i kúrò'? Ṣé orí ẹ pé báyìí? Àwọn tó kú yẹn, ṣé wọn ò ní jí mọ́?"

"Wáyà ní ọ̀kan lè jí. Àmọ́ ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án, àfi tí mo bá kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Bí inú ṣe ń bí Ìyá Télọ̀ tó, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Kò jẹ́ kó jáde.

"Kí ló wá dí ọ lẹ́nu?"

Kóòṣì jókòó tì í lórí ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa orí.

"Màmá, nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé, ẹ ò sọ ju 'ẹ ṣé' lọ fún wa. Ẹ máa ń rìn nínú ilé yìí bí ẹni tó jalè. Ọmọ yín máa ń sunkún sí mi láyà, ó ní ìyá òun ò sí níbí mọ́, ara lásán ni wọ́n gbé wá. Ọjọ́ tí ẹ hun aṣọ yìí, ẹ bú kọ̀ǹpútà. Ẹ pè é ní aláìmoore. Ìyàwó mi sá wọ yàrá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní ìyá òun ti dé." Ó mú aṣọ náà, ó gbé e sórí itan ẹ̀. "Ẹ̀rọ ni àwọn yẹn, Màmá. Ẹ̀rọ ṣeé rà."

Ìyá Télọ̀ na ọwọ́, ó wá ọwọ́ ọkùnrin náà, ó fi ìka wá ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún un, bí ẹni pé ó ṣì ń dùn ún. Omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, kò nù ún.

"Ọlọ́kọ̀ yẹn, kí lo bá a sọ?"

"Mo ní mi ò ní dúró de ikú ìkẹrin mọ́, mo máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Pè é. Níbí yìí. Kí n máa gbọ́."

Kóòṣì tẹ fóònù. Ó kí ọ̀gá náà, ó tọrọ àforíjì, ó ní òun ò ní lè wá mọ́. Ohùn tó wà lódì kejì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Ìyá Télọ̀ sì na etí, ó ń retí kó dárúkọ ìyàwó ẹ̀, tàbí ọmọ, tàbí ẹ̀rọ.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ni Kóòṣì wí. "Ìyá mi ni ò jẹ́ kí n lọ."