Ìgò Omi Tí Mo Dà Nù

Mo ti sọ ìtàn púpọ̀ fún àwọn ọmọ mi nípa ìgbà tí mo ń ṣe tíṣà eré ìdárayá ní Igbó-Ọrà. Wọ́n fẹ́ràn ti ewúrẹ́ tó já wọ orí pápá tó sì gba ipò kẹta. Èyí tí mo fẹ́ kọ yìí, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí tíṣà ni, ìgbéraga sì kún inú mi dé ẹnu. Mo ní kẹ̀kẹ́, mo ní fèrè lọ́rùn, mo sì ní òfin kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu omi títí a ó fi parí eré. Wọ́n ti kọ́ wa pé omi a máa mú inú ẹni tó ń sáré wúwo. Ọjọ́ ìdíje nìkan ni mo máa ń ṣí agolo gúlúkóòsì, tí màá bu ṣíbí kọ̀ọ̀kan sí àwọn ọmọ lọ́wọ́ kí wọ́n lá a, bí ẹni tó ń pín ẹran Iléyá.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ. Opó tó ń yan gàrí ni ìyá rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé girama kan ti ṣèlérí pé ọmọbìnrin tó bá gba ipò kìíní nínú ìdíje eré sísá ní Èrúwà lọ́dún tó ń bọ̀ yóò wá kàwé lọ́dọ̀ òun lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ yìí ni yóò gbà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn mú gidi, ọmọ náà yà kúrò lórí ìlà, ó sì mú ìgò omi kan jáde nínú àpò ìwé rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo fọn fèrè. Mo lọ gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, màámi ló sè é. Wọ́n ní òun nìkan ni kí n máa mu."

"Ṣé màmá ẹ ló ń kọ́ ẹ léré ni?"

Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn mọ́ mi. Mo ṣí ìgò náà, mo da omi inú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí i. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀, kò sunkún. Mo ní kó lọ sáré ìyípo mẹ́ta sí i.

Nígbà tí mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé, mo rí i létí adágún ẹ̀yìn ilé ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bu omi mu. Kò sí agboolé kan nílùú náà tí sòbìà kò yọ lẹ́sẹ̀ ẹnì kan níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì sì ti wí títí pé inú omi adágún ló ti ń wọni lára, pé ká máa sẹ́ omi, ká sì máa sè é. Mo mọ gbogbo èyí. Mo tẹ agogo kẹ̀kẹ́ mi, mo kọjá lọ.

Sòbìà kì í kánjú. Ó máa ń lò tó ọdún kan nínú ara kó tó yọ. Ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká lọ sí Èrúwà, ọmọ náà ò wá sílé ìwé mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo mú agolo gúlúkóòsì dání, mo lọ wò ó.

Ó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, wọ́n fi epo pupa pa á, orí sòbìà sì ti yọ síta bí òwú, wọ́n wé e mọ́ igi kékeré kan. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Èrúwà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ wá bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. N ò mọ ibi tó ti kó o. Omi tí mo sè ló ń mu láti kékeré. Mo tún máa ń rọ ọ́ sínú ìgò fún un lọ sílé ìwé."

Mo wo ọmọ náà, ó wò mí. Ó tẹ orí ba. Ọmọdé ń bo àṣírí mi! Ojú tì mí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi: èmi ni mo dà á nù, ìyá. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé Ọlọ́run yóò wò ó sàn. Mo wá na agolo náà sí ìyá rẹ̀.

Obìnrin tó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń lò ó.

"Ẹ pò ó mọ́ omi, mà."

Ó lọ sí igun yàrá, níbi tí ìkòkò omi sísè rẹ̀ wà. Ó pò ó. Àlejò ni mí, ọ̀dọ̀ mi ló sì kọ́kọ́ gbé ife náà wá. Mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí.

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ mu ún, sà. Màámi ló sè é."

Mo mu ún tán.