Orin Tí Wọ́n Fi Sábẹ́ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

A kírun àsùbáà tán ní Ṣakí kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bùràímọ̀, tó wọ mọ́tò Ìbàdàn. Akólòlò ni ẹ̀gbọ́n mi. Wọn kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàrá wó ilé wọn, tó sì pa ìyàwó wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe fíìmù wá bá wọn, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un níwájú kámẹ́rà. Òun ló ní ká wá wo fíìmù náà ní Bódìjà.

Ọ̀nà Ìsẹ́yìn dára títí a fi dé Mọ́níyà, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Òjóò, a jẹ àkàrà gbígbóná. Wàrà ibẹ̀ kò lẹ́nu níwájú tiwa. Omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ dàńṣíkí tí wọ́n fi ṣọdún.

“Ṣé àwọn èèyàn á g-gbọ́ mi yé?” wọ́n bi mí.

Mo ní, “Wọ́n á gbọ́ dáadáa.”

Gbọ̀ngàn ìwòran fíìmù náà ní Bódìjà kún. Wọ́n paná, ojú ẹ̀gbọ́n mi yọ lára ògiri. Bí wọ́n ṣe la ẹnu báyìí, orin bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn: dùùrù tó ń ta pọ́ún-pọ́ún, irú èyí tí wọ́n ń fi sí eré aláwàdà tí ẹnìkan bá fẹ́ ṣubú. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há ni dùùrù ń fò. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Nílé wa, tí ọkùnrin bá ń sọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe kú, ẹni tó dé fìlà á ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi tẹrí ba.

Ara mi gbóná. Mo dìde. “Ẹ pa orin yẹn!”

Wọ́n tanná. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sáré wá. “Àǹtí, ẹ má bínú. Kó má baà le jù létí àwọn èèyàn ni.”

“Ta ló ní kó má le? Ìyàwó wọn kú!”

Mo ní kó yọ orin náà kó tún fi fíìmù náà hàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní wo nǹkan kan mọ́. Orin àti ohùn wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó pa ti orin.

Ojú kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. A gbọ́ bí èémí ṣe há ẹ̀gbọ́n mi lọ́fun kí wọ́n tó lè pe orúkọ ìyàwó wọn, Sàlámátù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin iwájú wa tó ti ń pàtẹ́wọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń sunkún. Ìyẹn tún bí mi nínú sí i: àṣé dùùrù ló ń sọ ìgbà tó yẹ kó káàánú èèyàn fún un?

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, màá fi fèrè tó ń bani nínú jẹ́ rọ́pò rẹ̀.”

“M-má fi nǹkan kan sí i,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ohùn mi tó.”

A padà dé Ṣakí lọ́jọ́ kejì, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń wo fíìmù lè rò pé ojú òun ló ń ṣèdájọ́, kó sì jẹ́ pé etí rẹ̀ ni wọ́n ti mú. Àwọn ará ilé bi wá bó ṣe lọ. Mo la ẹnu láti dáhùn, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ló máa sọ ọ́. A jókòó, a sì dúró de ọ̀rọ̀ náà títí ó fi jáde.