Bí Marjolaine Ṣe Dí Ògiri Réal Lẹ́ẹ̀mejì

Ní àdúgbò Villeray ní ìlú Montréal, bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rín obìnrin kan tó bú jáde láti òkè ilé, tí àwọn ẹyẹlé sì fò kúrò lórí wáyà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má wulẹ̀ gbójú sókè. Marjolaine Bouthillier ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Bíríkìlà ni. Kì í ṣe bíríkìlà tó ń kọ́ ilé tuntun o. Àwọn ilé àtijọ́ ni tirẹ̀, ilé bíríkì pupa tí àtẹ̀gùn irin lọ́ mọ́ níwájú bí ejò. Ohun tí wọ́n fi so bíríkì kan mọ́ èkejì, bó bá ti gbó, tó ń dà sílẹ̀ bí gàrí, Marjolaine á gbẹ́ ẹ kúrò, á sì fi tuntun dí i.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ní Montréal, omi ni aláǹgbá. Bí oríkèé ògiri, ojú ibi tí bíríkì méjì ti pàdé, bá ti lanu, omi òjò á yọ́ wọlé, á fìdí kalẹ̀. Bí òtútù bá dé, omi náà á dì, á wú bí ìyẹ̀fun tó rí ìwúkàrà, á wá máa ti bíríkì síta. Bí oòrùn bá yọ́ ọ tán, omi mìíràn á tún wọlé. Kò ní pẹ́ tí ojú bíríkì á fi máa bó bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá mọ oríkèé dí kì í fi í wáṣẹ́ tì níbẹ̀.

Lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́. Obìnrin nìkan ni ọkùnrin náà bí. Ó retí ọmọkùnrin títí ó sú u. Lọ́jọ́ kan ó bojú wẹ̀yìn lórí àkàbà, ó rí Marjolaine tó gbé korobá yanrìn tẹ̀ lé e. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Bó o bá ṣubú, má sọ fún ìyá ẹ pé èmi ni mo ní kó o gun òkè." Ìwé ẹ̀rí Marjolaine nìyẹn.

Ó lọ́kọ rí. Ọkọ náà lọ wáṣẹ́ epo ní Alberta, ó ríṣẹ́, ó sì tún rí ìyàwó mìíràn mọ́ ọn. Marjolaine sunkún ìwọ̀n tó tọ́ sí ọ̀rọ̀ náà, ó nujú, ó padà sórí pẹpẹ irin tó ń dúró lé ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni Nuno Furtado, ọmọ erékùṣù Açores, òun ló ń po àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń dí ògiri. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Marjolaine pé ìgbà wo ló máa lọ́kọ mìíràn, Nuno ló máa ń dá a lóhùn: "Ibo lọkọ fẹ́ sùn? Ẹ̀rín ẹ̀ ti gba gbogbo yàrá tán."

Nígbà tí ojú ọjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń móoru lọ́dún kan ni Réal Desrochers ránṣẹ́ pè é. Réal ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Òun ló máa ń wa ọkọ̀ tó ń mú ojú yìnyín dán tẹ́lẹ̀ ní gbàgede họ́kì, eré orí yìnyín, ti àdúgbò náà. Bó bá ti ń yípo lórí yìnyín, gbogbo èrò á máa wò ó, kò sì ní bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ náà nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Òun nìkan ló ń gbé òkè, Màdáámù Pierrette sì ń gbé ìsàlẹ̀, ìyá arúgbó kan tí etí rẹ̀ kì í sinmi.

Marjolaine fi ìdí òòlù kan ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ó ń dún kókó-kókó.

"Ta ló fi sìmẹ́ǹtì líle yìí dí i fún yín?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi."

"Ṣé ó kórìíra yín ni?"

Réal ro ó díẹ̀. "Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Àwọn ẹyẹlé fò. Nígbà tí Marjolaine rẹ́rìn-ín tán, ó fi ìka tẹ ojú bíríkì kan tó ti bó. "Oríkèé ló yẹ kó rọ̀, kí bíríkì lè rójú mí. Bí oríkèé bá le ju egungun lọ, egungun ló máa kán. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ló fi wà lára ògiri náà. Òun àti Nuno fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ gbẹ́ sìmẹ́ǹtì líle náà jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí etí bíríkì má baà ya. Wọ́n gbá eruku rẹ̀, wọ́n wọ́n omi sí i. Wọ́n wá ń tẹ àpòpọ̀ yanrìn àti ẹfun òkúta sísun sínú rẹ̀, ìpele lórí ìpele. Bó bá ti gbẹ débi tí àtàǹpàkò ò lè rì sínú rẹ̀ mọ́, Marjolaine á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ rà á lójú, gbọ̀ọ̀rọ̀, bí ẹni ń fi ọwọ́ pa irun ọmọ. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo iṣẹ́ lọ. Ó máa ń kọrin sí i.

Láràárọ̀ ni Réal ń gbé kọfí jáde wá fún wọn ní fàráńdà òkè tó wà lẹ́yìnkùlé, á wá jókòó sórí àga rẹ̀, á máa wò.

"Réal!" Màdáámù Pierrette á pariwo láti ìsàlẹ̀. "Ògiri lò ń wò ni, àbí bíríkìlà?"

Réal á wọlé kíá bí ahun tó fa orí wọnú. Lọ́jọ́ kejì, á tún jáde pẹ̀lú kọfí.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, ó dúró níwájú ògiri náà pẹ́. "Ó dáa," ló sọ. "Ó dáa gan-an ni." Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó wọlé. Marjolaine wa ọkọ̀ lọ sílé, ó sì kọjá ibi tó yẹ kó ti yà. Ó bínú sí ara rẹ̀.

Nígbà tí ewé igi mépù pọ́n káàkiri ìlú, tẹlifóònù rẹ̀ dún. Ohùn Réal ni, ó rẹlẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màdáámù Bouthillier, oríkèé ń bọ́."

Láti ìgbà tí Marjolaine ti wà lẹ́nu iṣẹ́, oríkèé tó dí kò bọ́ rí. Ọbẹ̀ ẹ̀wà tó ń jẹ lọ́wọ́, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, òun àti Nuno ti wà lọ́nà Villeray, ìjà sì ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ẹfun yẹn ni. O ò pò ó dáadáa."

"Èmi? Ìwọ ni ò wọ́n omi tó sí ògiri."

"Kò sẹ́ni tó wọ́n omi tó èmi ní gbogbo ìlú yìí!"

"Òjò ńkọ́?"

Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀, Marjolaine gun àtẹ̀gùn lọ sí fàráńdà òkè, ó kúnlẹ̀ síwájú ògiri. Lóòótọ́ ni, oríkèé ti ṣófo. Ó wò ó sókè: òkè wà digbí. Ó wo ìsàlẹ̀: ó le koránkorán. Ẹ̀gbẹ́ àga Réal nìkan ló bàjẹ́, ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé. Marjolaine mọ iṣẹ́ ọwọ́ omi, ó mọ ti yìnyín, ó mọ ti gbòǹgbò ìtàkùn. Kò tíì rí èyí tó ń gbẹ́ ògiri ní ìlà gbọọrọ, tó sì dúró síbi tí àga parí sí.

Nuno ti ọwọ́ bọ ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó yọ ọ̀bẹ bọ́tà kan jáde. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ó funfun fún eruku. Nuno wò ó, ó wo Réal tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọ̀bẹ náà lé Marjolaine lọ́wọ́. "Mo gbàgbé nǹkan sínú ọkọ̀," ló wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wéré.

"Ṣé ẹ ti rí eku yẹn?" Màdáámù Pierrette ké láti ìsàlẹ̀. "Àràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ, kírí-kírí-kírí! Eku tó ń mu kọfí!"

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni Marjolaine fi ń pe ọkùnrin náà ní "ẹ̀yin". Ọ̀wọ̀ náà fò lọ lójijì.

"Réal Desrochers, kí lo fi ọ̀bẹ yìí ṣe?"

"Bọ́tà ni."

"Bọ́tà ilé ta?"

Réal yíjú sí ìkòkò òdòdó.

"O mọ̀ pé mi ò jẹun láti àná? O mọ̀ pé mo bú Nuno láti ilé dé ibí? Kí ni ògiri ṣe ẹ́?"

"Ẹ má bínú," ni Réal wí. Etí rẹ̀ ti pọ́n bí ewé mépù. "Iṣẹ́ yín ló parí. Mo yí gbogbo ilé po, mo ń wá ibi tó bàjẹ́. Ẹ ti dí gbogbo ẹ̀."

"O ò ní tẹlifóònù? O ò lè pè mí pé kí n wá mu kọfí?"

"Mo gbé e lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò mọ ohun téèyàn ń sọ, bí ògiri ò bá bàjẹ́."

Marjolaine fẹ́ bínú. Ó ti ń kó ìbínú náà jọ, ó ti gbé ọwọ́ sókè, àmọ́ ojú rẹ̀ tún bọ́ sára ọ̀bẹ. Ó gbé e sínú oòrùn.

"Dúró ná. Ṣé ó pẹ́ kó o tó gbẹ́ ẹ tán?"

"Ó pẹ́ gan-an. Ọ̀bẹ kejì nìyẹn."

"Ọ̀bẹ kejì! Nuno! Nuno, gòkè wá! Oríkèé wa ló tẹ ọ̀bẹ! Ọ̀bẹ méjì!" Ẹ̀rín gbé e, ó fẹ̀yìn ti ògiri, omijé ń dà lójú rẹ̀. Réal wò ó títí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tó ti ń há sí i láyà láti ọjọ́ pípẹ́.

Marjolaine ló dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀: ẹni tó bà á jẹ́ ni yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n òtútù kò dúró de Réal. Kí wọ́n tó kó irinṣẹ́ dé, òjò dídì àkọ́kọ́ ti bọ́, bẹ́ẹ̀ bí àpòpọ̀ náà bá dì kó tó gbẹ, lẹ́búlẹ́bú ni yóò dà. Wọ́n ta tapólì yí fàráńdà ká láti òrùlé délẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlégbóná sínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ po ẹfun. Lóde, afẹ́fẹ́ ń gbá ìlú létí. Nínú tapólì, ó móoru bí ilé ìdáná.

Iṣẹ́ ọwọ́ Réal burú jáì. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ pọ̀ ju èyí tó wọnú ògiri lọ, èyí tó lẹ̀ mọ́ irunmú rẹ̀ kò sì kéré.

"Tẹ̀ ẹ́ wọlé, má fi pa á lára," ni Marjolaine ń wí. "Ṣé bó o ṣe ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì nìyí?"

"Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ bọ́tà mọ́, Màdáámù."

"Kí lò ń pè ní màdáámù? Ẹni tó gbẹ́ ògiri nítorí mi kò gbọ́dọ̀ máa pè mí ní 'ẹ̀yin'. Pe orúkọ mi."

Réal gbìyànjú. Ó pè é bí ẹni tó gbé omi gbígbóná sẹ́nu. "Marjolaine. Ìwọ."

"Ẹ gbọ́ o!" ni Nuno ké, ó sì mú orin ìlú rẹ̀ bọ ẹnu.

Màdáámù Pierrette gòkè wá nínú kóòtù onírun, ó gbé páì ẹran gbígbóná dání. Ó ní òun kò wá ṣe ọ̀fíntótó, ilé òun ló tutù. Ó gba àga Réal, kò sì dìde níbẹ̀ mọ́ títí iṣẹ́ fi parí. Òun ló ń bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo oríkèé tí Réal bá dí. "Èyí wọ́. Èyí náà wọ́. Ọmọ yìí, ojú ẹ ò sí lára ògiri, mo ti sọ ọ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn."

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gbẹ tán, Nuno bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Réal di etí tapólì kan mú.

"Ṣé ó gbọ́dọ̀ kúrò?"

"Ó gbọ́dọ̀ kúrò," ni Marjolaine dáhùn. "Iṣẹ́ ti tán."

Réal fi tapólì sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé. "Ó dáa, wọlé wá. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó o wá ni."

Marjolaine bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé.

Wọ́n ṣègbéyàwó nígbà tí yìnyín yọ́. Nuno fi odindi páálí ọ̀bẹ bọ́tà ta wọ́n lọ́rẹ, Màdáámù Pierrette sunkún, ó ní páì àlùbọ́sà tí wọ́n gbé síwájú òun ni. Marjolaine kọ̀ láti fọwọ́ kan oríkèé wíwọ́ tí ọkọ rẹ̀ dí. Bí àlejò bá dé, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mú wọn lọ wò, á máa yangàn bí ẹni pé ọba ló ṣe é. Réal náà ti ń bá Marjolaine àti Nuno lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Ẹ̀rù òkè ń bà á, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí, á máa pọn omi, á sì máa bá gbogbo ẹni tó bá ń kọjá sọ̀rọ̀, débi pé Nuno ní àsìkò ti tó kí ẹnì kan dí ẹnu Réal náà.

Màdáámù Pierrette ń ráhùn pé ariwo òkè pọ̀ jù, òun kì í gbọ́ tẹlifíṣọ̀n mọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní àwọn lè bá a gbé ibùsùn àti tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ sí yàrá iwájú, níbi tí kò ti ní máa gbọ́ wọn.

"Rárá o," ló wí. "Kí ni kí n máa wá gbọ́ níbẹ̀?"