Ìrẹsì Kérésìmesì Tí Mo Gbé Fún Màmá Ará Japan

Òórùn tùràrí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi bí mo bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ agbéniròkè ilé wa ní Edgewater nílùú òyìnbó, láyé ọdún 1980 sí 1989 yẹn. Àwọn àgbàlagbà ará Japan ló pọ̀ jù ní àjà tí à ń gbé, ẹlẹ́sìn Búdà sì ni wọ́n. Kérésìmesì kò kàn wọ́n rárá. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ olùkọ́ ìjọ, àárò ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́dún àkọ́kọ́ náà.

Lọ́sàn-án Kérésìmesì, ọkọ mi tẹ̀ mí láago láti ọsibítù: “Má dúró dè mí o jàre, wọ́n ti fún mi ní double shift, ó di òwúrọ̀ ọ̀la kí n tó délé.” Ìrẹsì kún ìkòkò, adìẹ ń bẹ nílẹ̀, èmi nìkan ni mo wà nílé. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé, a kì í dá jẹ Kérésìmesì. Mo bu ìrẹsì sáwo, mo gbé itan adìẹ lé e, mo sì ki ṣíbí bọ àárín rẹ̀ lóòró kó má baà já bọ́ lọ́nà. Mo kan ilẹ̀kùn màmá tó múlé tì wá, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Màmá tẹjú mọ́ ṣíbí yẹn. Ó tẹrí ba títí, ó fà mí wọlé, ó gbé àwo náà síwájú àwòrán bàbá àgbàlagbà kan, ó sì tan tùràrí.

Ó ní, “Lọ́dọ̀ wa, òkú là ń ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a fi ń jẹun bọ ìrẹsì fún báyìí. Oṣù mẹ́ta rèé tí ọkọ mi ti lọ. Ìwọ nìkan lo rántí rẹ̀ nínú ilé yìí.”

Èmi tí n kò tilẹ̀ mọ̀ pé bàbá náà ti kú!

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó gbé oúnjẹ náà kúrò níbẹ̀, ó pín in sí abọ́ méjì. “Wá, ká bá a jẹun.” Bàbá mi kò gbà kí a fi ẹnu kan ohun tí wọ́n bá ti gbé síwájú òkú. Ó ti da odindi ìkòkò mọ́ínmọ́ín nù lójú wa rí nítorí rẹ̀. Mo wo abọ́, mo wo ojú ìyá yìí tó ń retí mi. Mo gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, mo sì jẹ ẹ́. Ata pọ̀ jù fún un, ó ń húkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an láti ọjọ́ náà lọ.

N kò jẹ́wọ́ fún un pé kì í ṣe nítorí ọkọ rẹ̀ ni mo fi ki ṣíbí yẹn bọ ìrẹsì, títí a fi kó kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe ti ìrẹsì ni mo tọrọ ìdáríjì lé lórí. Ti oṣù mẹ́ta ni, tí èmi onígbàgbọ́ fi bá opó pín ògiri kan, tí n kò mọ̀ pé opó ni.