Àlùbọ́sà Tó Jókòó Sórí Àga Onígbàjámọ̀

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá Má-Mira ti ń gẹ irun fún àwọn ará àdúgbò nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo orí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, "Má mira! Má mira!", ni aráyé fi ń pè é. Kò sí ohun tí ọkùnrin náà kò mọ̀ tán. Bí ẹnìkan bá ní òjò fẹ́ rọ̀, á ní irọ́ ni, títí aṣọ rẹ̀ á fi rin gbindin.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ ní yàrá kejì ti ọjà dé, ó sì gbé àpò bébà pélébé kan sórí tábìlì. Àwòrán àlùbọ́sà kéékèèké tó pupa dẹ̀dẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Nígbà tó já a, hóró dúdú wínníwínní ló dà sílẹ̀ bí ẹ̀tù ìbọn.

"Àlùbọ́sà wo ló ń ti ara hóró hù?" Bàbá Má-Mira fi imú rẹ́rìn-ín. "Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀. Ìgbẹ́ eku ni wọ́n tà fún ọ."

"Ìgbẹ́ eku náà la máa fi se ọbẹ̀," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Kó lè fi hàn pé òun lòún gbọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló gbìn ín. Ó bu ilẹ̀ dúdú sínú àwo pẹrẹsẹ tó ń to òòyà sí tẹ́lẹ̀, ó wọ́n hóró náà sí i, ó fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, ó sì gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Lọ́jọ́ kọkànlá, wọ́n hù. Àmọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, gbogbo wọn tẹ̀ kọdọrọ bí ìwọ̀ ìpẹja.

"Ó tán!" Bàbá Má-Mira pariwo ayọ̀. "Wọn ò lè dìde mọ́!"

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, wọ́n nàró ṣánṣán. Ó fajú ro di ọ̀sán. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, òun náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, tó ń bu omi sí wọn kán-ín-kán-ín.

Lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀, ewé wọn gùn, ó tín-ín-rín, ó sì ń wó lu ara wọn. Ìyàwó rẹ̀ wọ awò ojú, ó ka ẹ̀yìn àpò náà. "Wọ́n ní ká rẹ́ orí ewé wọn, kí ìdí wọn lè nípọn."

Akọ̀wé kọ́ọ̀tù kan tó ti fẹ̀yìn tì ló jókòó sórí àga nígbà náà. Irun ẹyọ kan kò sí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wá ka ìwé ìròyìn níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni Bàbá Má-Mira wí. "Oníbàárà ti dé."

Ó gbé àwo náà sórí àga, ó fi ẹsẹ̀ tẹ àga náà sókè, ó wé aṣọ funfun mọ́ àwo náà, ó fín omi sí i, ó yà á, ó wá mú àlùmọ́gàjí. "Má mira," ó sọ fún un.

Akọ̀wé la ẹnu sílẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá! O ò wé aṣọ mọ́ mi lọ́rùn rí!"

"Irun wo ni ìbá já lé yín lọ́rùn? Ṣebí apárí ti fojú di abẹ."

Akọ̀wé bínú jáde, ó sì ròyìn rẹ̀ kárí àdúgbò. Ìròyìn ò tó àfojúbà: kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn obìnrin tó ti gbin irú hóró náà ti ń gbé àwo àlùbọ́sà tiwọn wá. Ọ̀gá ilé ìwé dé ní kánjúkánjú, ó bá àwo mẹ́ta lórí ìjókòó.

"Èmi èèyàn, kí n tò sẹ́yìn àlùbọ́sà?"

"Ọ̀gá tíṣà, ẹni tó kọ́kọ́ dé la ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti jókòó, ẹ ò rí i pé wọn ò ráhùn?"

Ọ̀gá tíṣà jókòó sáàárín àwo méjì. Nígbà tó kàn án, ó nawọ́ sí èyí tó wà lápá òsì. "Ti eléyìí wù mí. Ẹ bá mi ṣe irú ẹ̀."

Bàbá Má-Mira kó tirẹ̀ lọ sínú ọgbà ẹ̀yìn ilé, ó gbìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n gbọọrọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọ́n sì ń wó lulẹ̀. Jìnnìjìnnì bá a, ó sáré fi igi pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ti gbogbo wọn dúró.

"Bàbá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ìyàwó rẹ̀ wí. "Wọ́n ti gbó ni."

Wọ́n wú wọn. Àlùbọ́sà náà pupa, ó ń dán, ó kún agbọ̀n méjì.

"Ṣé o rí i? Mo sọ fún ọ pé á hù," ni Bàbá Má-Mira wí.

Nígbà tí wọ́n ti sá wọn gbẹ, tọkọtaya náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ń bó wọn sínú ìgò kí wọ́n lè fi pamọ́, omi ń dà lójú àwọn méjèèjì. Bí akọ̀wé ṣe wọlé láti wá parí ìjà nìyẹn. Kò béèrè ohunkóhun. "Háà! Ẹ kú àmúmọ́ra o!" Ó yí padà, ó sá jáde lọ pe èèyàn.

Láàárín wákàtí kan, ọgbà ti kún. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó dé láti òdìkejì ìlú, ó ti sunkún nínú ọkọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi. Àlùbọ́sà là ń bó."

Obìnrin náà wo agbọ̀n, ó wo àwọn èèyàn. "Àti ibi tí mo ti ń sunkún bọ̀ yìí ńkọ́?" Ó tú gèlè, ó fa àpótí sábẹ́ ara rẹ̀, ó jókòó, ó mú ọ̀bẹ, ó sì ń bá ẹkún rẹ̀ lọ. Ọ̀gá tíṣà mú ọ̀bẹ tirẹ̀ náà. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti bó gbogbo rẹ̀ tán.