'Must' Tó Fẹ́ Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Bùkọ́lá

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì tí màá ti máa kọ́ àwọn tó ń sọ èdè Dọ́ọ̀ṣì, ìyẹn Dutch, ní Gẹ̀ẹ́sì, inú mi dùn bíi ti ẹni tí wọ́n ń sanwó fún nítorí oorun. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ní Gẹ̀ẹ́sì kí n tó wá sí London. Kí ni àwọn ará Netherlands àti Bẹ́ljíọ̀mù, tí òyìnbó ti mọ́ lẹ́nu láti kékeré, fẹ́ fi mí ṣe? Gbọ̀ngàn kan ní Becontree la ti ń kẹ́kọ̀ọ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá wa, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn bébà ju ènìyàn lọ, gbé ìwé ìlànà lé mi lọ́wọ́, ó ní gbogbo nǹkan wà níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Gbogbo nǹkan wà níbẹ̀, àfi òye.

Ẹ̀kọ́ tí mo fi ń yangàn jù ni ti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pàṣẹ tàbí gbani nímọ̀ràn. 'Must' ni gbọ́dọ̀ tiwa. 'Should' ni ó yẹ. 'Have to' ni ó di dandan. Mo kọ wọ́n sójú pátákó, mo fa ìlà sí wọn nídìí, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo tún ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ èdè mìíràn ní kíláàsì mi. Ọgbọ́n tí mo kó wá láti ilé nìyẹn. Nílé ìwé wa, ṣe ni wọ́n ń na ọmọ tó bá sọ Yorùbá, kí làákàyè lè ráyè wọlé.

Bùkọ́lá wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Becontree. Ọmọ Yorùbá ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ṣùgbọ́n Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Chadwell Heath ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti fẹ́ la ẹnu sọ Yorùbá, màá wò ó lójú, á sì gbé e mì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́.

"Auntie, wọ́n fẹ́ sack mi. Mi ò mọ nǹkan tí mo ṣe."

Mo ka lẹ́tà náà. Obìnrin kan ló fẹjọ́ sùn pé Bùkọ́lá kò jẹ́ kí òun wá wo bàbá òun nílé ìtọ́jú náà. Ọjọ́ Àìkú méjì gbáko ni bàbá fi wọ kóòtù jókòó sẹ́bàá fèrèsé, tó ń retí ọmọ rẹ̀, tí kò sì jẹun.

"Kí lo sọ fún obìnrin náà?"

"Ó call mi. Ó ṣubú, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó ní ṣé kí òun ṣì máa bọ̀ ní Sunday. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo ní, 'No, you must not come.'"

"O lé e nìyẹn!"

"Lé kẹ̀? Auntie, mo ní kó sinmi ni!"

Olùkọ́ àgbà bíi tèmi, kí ni mo ṣe? Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún sọ fún un pé mo ti kọ ọ́ sójú pátákó. Ìtùnú ńlá lèyí jẹ́ fún ẹni tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ni ó bá bú sẹ́kún.

"Ní Antwerp, a máa ń sọ pé, 'Ge moet niet komen.' Ó túmọ̀ sí pé no wahala, sinmi. 'Moet', 'must', ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tó ń ṣe ọmọ yìí láti oṣù mẹ́ta. Mo fi ìwé ìlànà sílẹ̀, mo mú un wọ kíláàsì, mo sì fọwọ́ ara mi rú òfin mi: Yorùbá ni mo fi kọ́ ọ.

"Bí ìyá ẹ bá sọ pé, 'O ò gbọ́dọ̀ wá,' kí ló ń sọ?"

"Pé tí mo bá dé ibẹ̀, mo gbé."

"Tó bá ní, 'Kò pọn dandan kó o wá' ńkọ́?"

"Pé tó bá wù mí kí n wá, tí kò bá..." Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Auntie, mo lé e lóòótọ́!"

Èdè tí mo fòfin dè parí iṣẹ́ náà kí tíì mi tó tutù.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn kíláàsì, mo bá a lọ sí ìpàdé níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ní, "You might want to sit down." Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ yìí dùn: bí wọ́n bá ń pàṣẹ, wọ́n á ṣe bí ẹni ń béèrè ohun tó wù ọ́. A jókòó. Ọmọ bàbá náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, kò wo ojú wa. Mo ti ṣètò àlàyé gígùn lórí gírámà. Gbólóhùn kejì ni mo wà tí obìnrin náà fi dá mi dúró.

"Mi ò wá kẹ́kọ̀ọ́ níbí, màdáámù."

Bùkọ́lá dìde fúnra rẹ̀. Ó kọjú sí i.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ ni 'You don't have to come.' Ẹsẹ̀ yín ló ká mi lára. Ohun tí mo sọ burú, ó sì mú kí bàbá yín jókòó máa retí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Obìnrin náà bi í pé:

"Ṣé ìwọ lo máa ń kọrin fún un tó o bá ń fá irùngbọ̀n rẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

Obìnrin náà ní òun ti jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Àwọn ọ̀gá wá rán Bùkọ́lá lọ gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan lórí bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó kọ́ wọn kò gbójú sókè kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí tó fi parí.

Láti ìgbà náà, mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí ìyá wọn ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nílé. Ọ̀gá wa yọjú lọ́jọ́ kan, ó bá Yorùbá, Dọ́ọ̀ṣì àti ariwo ní kíláàsì. Ojú rẹ̀ korò.

"You really should use only English in here."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Mo ní, "'Should' lẹ sọ, sà. Ìmọ̀ràn nìyẹn. A dúpẹ́." Bùkọ́lá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.