Ọwọ́ Kékeré Orí Táńkì Alùpùpù Bàbá Mi

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, mi ò ní bá a jà. Èmi náà, ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́ fún mi lọ́dún tó kọjá, màá ní kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n ojú mi tó wà lórí mi yìí ló rí i, ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn. Mi ò mutí, àìsàn kankan ò sì ṣe mí. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe mí ni pé mo máa ń tètè bínú, ẹ máa rí i níwájú.

Ìtòkú ni ilé wa wà, l'Ábẹ́òkúta, ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Àdìrẹ ni bàbá mi tà títí ó fi kú. Alùpùpù kan ló fi ń gbé aṣọ lọ sọ́jà Owódé àti Pápálántò kí wọ́n tó bí mi, alùpùpù náà ò sì kúrò nílé wa. Àwọn tó mọ irú ẹ̀ máa ń dúró wò ó tí wọ́n bá ń kọjá. Wọ́n ní irú ẹ̀ ò sí mọ́.

Nígbà tí a ṣe fídáù ogójì ọjọ́ bàbá mi tán, tí wọ́n pín ẹrù, alùpùpù ló kàn mí. Èmi tí mò ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó ní ìdájí, kí ni mo fẹ́ fi alùpùpù ṣe? Ṣùgbọ́n ti bàbá mi ni, inú mi sì dùn sí i. Mo ní màá tún un ṣe kó padà rí bó ṣe rí nígbà tí òun náà jẹ́ ọ̀dọ́.

Táńkì ẹ̀ ló burú jù. Ọ̀dà aláwọ̀ aró tó wà lára rẹ̀ ti ṣí káàkiri, etí ẹ̀ ti dógùn-ún. Lókè, níwájú, níbi tí bàbá máa ń gbé ọmọdé jókòó sí tó bá fẹ́ gbé e jáde, ibì kan wà tó rí gbágungbàgun, tó jin wọnú díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé oòrùn ló pa ọ̀dà ibẹ̀ tó fi wú. Mi ò tiẹ̀ wò ó dáadáa.

Nǹkan wà tó yẹ kó là mí lójú. Ìyá mi máa ń nu táńkì yẹn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Wọn ò ní nu táyà, wọn ò ní nu ìjókòó, táńkì nìkan ni, wọ́n á fi aṣọ tútù nù ún jẹ́jẹ́, wọ́n á sì pẹ́ níbẹ̀. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé àárò ọkọ wọn ló ń sọ wọ́n. Mo gbàgbé pé wọ́n ti ń ṣe é kí ọkọ wọn tó kú.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà náà tún wà ńbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, yàrá tiwọn ló wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé. Orúkọ mi ni gbogbo àdúgbò fi ń pe ìyá mi, torí èmi ni àkọ́bí tí gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n tí Ìyá Àgbà bá gbàgbéra, wọ́n á ní, “Ìyá Sìdí, bá mi mú omi wá.” Ìyá mi á sì dìde lọ mú omi náà wá. Mo rò pé ogbó ló ń dà wọ́n láàmú.

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò ìyá mi ṣubú l'Ówódé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ìyá mi sì lọ tọ́jú rẹ̀. Mo ní àyè tí mò ń wá nìyí. Kí wọ́n tó padà dé, màá ti kun alùpùpù bàbá mi, kí wọ́n kàn wọlé kí wọ́n bá a ní tuntun. Mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ṣebí èmi ni wọ́n pín in fún?

Mo tú táńkì kúrò, mo da epo inú rẹ̀ nù, mo fi omi ọṣẹ ṣàn án, mo sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà mo mú sanpépà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ẹ gbà mí gbọ́, gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ ló ń bọ́ wẹ́rẹ́, àfi ibi gbágungbàgun yẹn. Kò fẹ́ lọ. Mo fi ìbínú jókòó tì í, mo ń ha á, mo ń ha á, títí irin fi yọ. Eruku aláwọ̀ aró kún ọwọ́ mi àti ilẹ̀. Mo gbá a mọ́ ìdọ̀tí, mo lọ dà á sẹ́yìnkùlé. Títí di òní, tí mo bá rántí eruku yẹn, inú mi kì í dùn mọ́ lọ́jọ́ náà.

Yàrá tí bàbá mi ń kó aṣọ sí ni mo ti fẹ́ kùn ún, torí afẹ́fẹ́ ò lè gbé iyanrìn wọ ibẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ọ̀pá irin ló sì wà lára rẹ̀ tí ológbò ò lè gbà kọjá. Mo gbé táńkì sórí àpótí. Mo wọ dàńṣíkí iṣẹ́ bàbá mi kí ọ̀dà má bàa ta sí aṣọ mi, aró ṣì ń rùn lára rẹ̀. Mo fọ́n ọ̀dà tí mo rà ní Òkè-Ìlẹ̀wó sí i, àwọ̀ aró náà ni mo mú, ó sì dán débi pé mo ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ọjọ́ Àìkú ni. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ki kọ́kọ́rọ́ sápò, mo lọ kírun Alásàrí.

Nígbà tí mo dé, ọwọ́ wà lórí táńkì.

Ọwọ́ ọmọdé. Àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú ìka márààrún, ó tẹ̀ wọnú ọ̀dà tútù náà, lókè, níwájú, níbi tí mo ha ní ìjẹta.

Inú bí mi. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá fa omi nínú kànga wa, mo ní àwọn ni. Pé ilẹ̀kùn wà ní títì, pé kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, mi ò rò ó dé ibẹ̀. Ẹni tínú ń bí kì í rò jìnnà. Mo bu tínà tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà sí aṣọ, mo nu ọwọ́ náà kúrò, mo sì pinnu pé màá tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú kejì, mo ṣọ́ ọ. Mo fọ́n ọ̀dà náà tán, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé ìjókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà gan-an. Dàńṣíkí bàbá mi ṣì wà lọ́rùn mi. Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú àtẹ. Gbogbo ilé dákẹ́.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Inú yàrá ni, lẹ́yìn mi.

Ẹsẹ̀ náà rìn díẹ̀, ó dúró. Ohùn kan sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

“Bàbá, ẹ gbé mi.”

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kékeré kan ló wà níbẹ̀, kò tíì tó ọmọ tí wọ́n ń mú lọ síléèwé. Wọ́n di irun rẹ̀ ní ṣùkú. Àdìrẹ ló wọ̀, irú èyí tí mi ò rí kí wọ́n tà lọ́jà rí láyé mi. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó na ọwọ́ sókè, ó gbé e lé táńkì náà.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rù tó dé, ìbínú ti débẹ̀.

“Ta ló ní kí o fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀ yẹn?” Mi ò pariwo. Ohùn ìsàlẹ̀ ni mo fi sọ ọ́, èyí tó máa ń le ju ariwo lọ. “Máa lọ sílé yín.”

Ó yíjú sí mi. Kò sí nǹkan ẹ̀rù kan lójú rẹ̀, ká sòótọ́. Ojú ọmọ lásán ni, ọmọ tí ẹni tó fọkàn tán ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí. Ó wo dàńṣíkí ọrùn mi, ó tún wo ojú mi.

“Ilé wa kọ́ nìyí?” Ó rọra bi mí.

“Ilé yín kọ́. Jáde.”

Ó gba abẹ́ apá mi kọjá. Ẹ̀gbẹ́ mi tútù níbi tó ti kọjá, ó tútù títí di alẹ́. Mi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà mi ló ká mi lára. Mo mú tínà, mo nu ọwọ́ náà kúrò kíákíá kó tó gbẹ, mo fọ́n ọ̀dà míì lé e, ó sì jọ̀lọ̀ bí ẹni pé ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án rí.

Ìgbà yẹn ni mo tó jáde lọ bá Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ẹ ò rí ọmọ tó kọjá báyìí ni, ọmọ ta ni. Wọ́n ní ẹnì kankan ò kọjá. Mo ní ọmọbìnrin kékeré, irun ṣùkú, aṣọ àdìrẹ, ó ń tẹ ọ̀dà táńkì alùpùpù.

Àtẹ ẹ̀gúsí bọ́ lórí ẹsẹ̀ wọn.

“Táńkì?” Wọ́n di ọwọ́ mi mú. “O ti kun táńkì náà?”

Wọ́n fà mí jókòó. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilé gbọ́.

Wọ́n ní wọ́n bí ọmọ kan ṣáájú mi. Sìdíkátù. Iwájú bàbá mi ló máa ń jókòó, lórí táńkì yẹn, tí wọ́n á jọ lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ kan bàbá mi fúnra rẹ̀ kun táńkì náà, ọ̀dà ò tíì gbẹ tí ọmọ fi lọ tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi fẹ́ nà án. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, òun á tún un kùn lọ́jọ́ Àìkú. Kí ọjọ́ Àìkú tó pé, èéyi ti gbé ọmọ lọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Àwọn àgbà ilé ló sin ín, wọn ò sì fi ibojì han bàbá àti ìyá rẹ̀. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ lọ, wọ́n sun àwòrán kan ṣoṣo tó yà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́ kí ìyá rẹ̀ lè gbàgbé. Táńkì nìkan ni wọn ò rántí.

“Ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló kù sílé yìí,” Ìyá Àgbà sọ. “Bàbá ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ún.”



Ìyá mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Alùpùpù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dán. Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀, wọn ò tíì bọ́ bàtà, ọwọ́ wọn ti lọ sórí táńkì. Ọwọ́ náà ń wá ibì kan. Ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó tún lọ síwájú.

“Ìwọ lo kùn ún?”

“Èmi ni, Màámi. Mo rò pé inú yín á dùn.”

“O ṣeun,” wọ́n ní. Wọ́n wọ yàrá lọ. Ká ní wọ́n bú mi, ìbá sàn fún mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Ìyá Àgbà lọ bá wọn, wọ́n sọ fún wọn pé ọmọ náà wá. Ìyá mi wá sẹ́nu ilẹ̀kùn mi, wọ́n di férémù mú. Mi ò rí irú ojú yẹn lára wọn rí. Ojú ẹni tó rí ìrètí ni.

“Òótọ́ ni pé o rí i? Kí ló sọ?”

“Ó ní kí Bàbá gbé òun.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. “Kí lo wá sọ fún un?”

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, “Mi ò rí nǹkan kan sọ, Màámi. Ó ti lọ.”

Irọ́ tí mo pa nìyẹn. Ó ṣì wà lọ́rùn mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Láti ìgbà náà, tó bá di ọjọ́ Àìkú, ìyá mi á ní kí n tún táńkì náà kùn. Màá ha á, màá fọ́n ọ̀dà tútù sí i, màá gbé e sórí àpótí, a ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Màá wọ dàńṣíkí yẹn. Ìyá mi á jókòó síbẹ̀ títí ọ̀dà á fi gbẹ. Kò sí ohun tó kàn án, eṣinṣin pàápàá ò bà lé e.

Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwa méjèèjì la gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ọmọdé ń bọ̀ níta, wéréwéré, títí dé ẹnu àbáwọlé ilé wa. Ó dúró síbẹ̀. Ìyá mi gbá ọwọ́ mi mú. A dúró, a dúró. Ẹsẹ̀ náà ò wọlé.

“Kí ló dé tí kò wọlé?” ìyá mi rọra bi mí. “Ṣebí ilé ẹ̀ nìyí.”

Mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò rí ẹnì kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo dárúkọ tí wọ́n ní ká má dá, mo ní, Sìdí, ẹ̀gbọ́n mi, ilé yín ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọlé. Oòrùn nìkan ló wà níta.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí nǹkan àtijọ́ kan bá wà nílé bàbá yín tí ó ti hun jọ tàbí tó ṣí lára, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣì wà láyé kí ẹ tó mú sanpépà. Tí ẹ bá sì bá ọmọ tí ẹ ò mọ̀ nínú ilé, lọ́sàn-án gangan, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ni. Ẹ má tètè lé e. Mo lé tìyá mi lọ, ó sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.